Ẹyin Tàbí Ẹ̀yìn

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan tó ju ti ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Síbẹ̀, bí ó bá ti wọ yàrá ìwádìí tó wà ní àjà kẹta ní yunifásítì náà, àwọn ọ̀mọ̀wé a sọ ẹsẹ̀ wọn kalẹ̀ kúrò lórí àga. Òun ni olùtọ́jú àwọn ẹja ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì ti fi ṣe é, ìdajì ayé rẹ̀ gan-an. Màmá Àmì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti orí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí dé orí ọ̀gá ẹ̀ka náà.

Orúkọ yẹn kò ṣàdédé jẹ́. Ọlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí nínú yàrá náà, ìyẹn ọmọ tí kò tíì di ọmọ, tó ṣì wà nínú ẹyin tàbí nínú ikùn. Wọ́n ń wo bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ṣe ń pín sí méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, tí mẹ́rin ń di mẹ́jọ, títí tí orí àti ọkàn àti ìrù yóò fi yọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kun ilé náà, akọpátákó kan kọ YARA OLE sára ilẹ̀kùn, kò fi àmì kankan sókè, kò fi sísàlẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní yàrá àwọn olè ni. Àwọn mìíràn ní rárá o, yàrá àwọn ọ̀lẹ ni, ṣé ẹ kò rí i pé agogo mẹ́wàá ni wọ́n ń dé? Obìnrin yìí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí kan síbẹ̀, ó gun un, ó fi ọ̀dà pupa sọ ọ̀rọ̀ náà di YÀRÁ ỌLẸ̀. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Àmì ti mọ́ ọn lórí.

Akọpátákó ni bàbá tó bí i lọ́mọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ àìgbagbẹ̀rẹ́ yìí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹkáníìkì kan wá bá bàbá náà pé kí ó kọ pátákó fún òun, ṣùgbọ́n kí ó má fi àmì dọ̀tí rẹ̀. Bàbá ní, "Kò burú. Owó yín ni." Ó kọ "A n tun oko se nibi." Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí obìnrin kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, tí ó pe mẹkáníìkì jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ ń tún ọkọ ṣe?"

"Ọkọ̀ wo ni, Mà?"

"Ọkọ mi ni. Ó wà nílé. Ọdún kọkànlá rèé tí kò ti ṣiṣẹ́."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mẹkáníìkì ti gbé pátákó padà wá. Bàbá fi àmì sí i, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Iṣẹ́ tí Màmá Àmì ń ṣe kò nira láti sọ, ó nira láti ṣe. Ẹja abilà kéékèèké ni wọ́n ń sìn, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí iná bá tàn sí wọn lórí, ni wọ́n máa ń yé. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá a ti fi abo sí apá kan nínú àpótí omi, a fi akọ sí apá kejì, a sì fi gíláàsì dí wọn láàárín. Ní agogo méje òwúrọ̀, ó ń tan iná, ó ń fa gíláàsì yọ, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n lé ara wọn. Ẹyin á gba inú àwọ̀n bọ́ sí ìsàlẹ̀, kí àwọn òbí wọn má baà jẹ wọ́n, nítorí ẹja kò mọ ọmọ. Ẹyin wọ̀nyí mọ́ gaara bíi gíláàsì. Èyí tó bá kú a di funfun bí ẹfun, Màmá a sì fi páìpù tín-ín-rín fà á jáde kí ó má baà ba èyí tó kù jẹ́. Iye tó bá fà jáde, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹyọ lẹ́yọ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Àwọn ẹja ti jẹun," a ní, "wọ́n ti pààrọ̀ omi wọn, wọ́n ti tan iná fún wọn. Èmi ńkọ́?"

"Kọ́kọ́ yé ẹyin ná," ni ìyàwó a dá a lóhùn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé lórí ìwádìí tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ìkọ̀wé rẹ̀ ló yá jù. Ohun tó ń wá ni bí ẹ̀yìn ọlẹ̀ ṣe ń di ẹ̀yìn. Bí ẹ bá wo ọmọ ẹja nínú ẹyin rẹ̀ láti abẹ́ maikirosikópù, ẹ óò rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ ní abala-abala, láti ọrùn lọ sí ìrù, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń sín sókùn. Ààbọ̀ wákàtí kò ní kọjá kí abala tuntun tó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Àwọn ẹja kan wà tí wọ́n gbé àléébù pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara tiwọn dá pé, ṣùgbọ́n bí irú wọn méjì bá pàdé, àwọn ọmọ kan nínú ọmọ wọn á jogún àléébù náà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ̀yìn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tò. Abala rẹ̀ á wọ́ jọ bí okùn tó ta kókó. Bí a bá tẹ̀ lé òfin àjogúnbá, ìdá kan nínú mẹ́rin ló yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Mọ́kànlélógójì ni Kíákíá rí.

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Òun ni ọ̀gá yàrá náà, ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tó máa ń rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní bí iye náà bá fi lè ga tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó jogún àléébù láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo náà lè ní ẹ̀yìn tó bàjẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nípa àléébù yìí rí. Ó fi èyí ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ tí òun àti Kíákíá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí àpilẹ̀kọ náà kò bá lọ lọ́jọ́ náà, Kíákíá kò ní lè dúró níwájú àwọn olùdánwò lọ́dún yìí. Òfin ẹ̀ka náà nìyẹn, wọn kì í sì í yí i fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Kíákíá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń to àwọn iye sínú tábìlì ìkẹyìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa kà á sókè, kí ọrùn mi má baà kán."

Màmá Àmì gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì ń kà. Ìwé náà kì í ṣe tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin bí àkọ́bí ní ìlú mìíràn, Màmá sì lọ bá a gbé ọmọ fún ọjọ́ méjìlá. Láàárín ọjọ́ méjìlá náà, Kíákíá nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì: òun ló ń fa ẹyin tó kú jáde lówùúrọ̀, òun náà ló ń ka àwọn ọmọ tí ẹ̀yìn wọn kò tò lọ́jọ́ kejì. Inú ìwé kan náà ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí.

"Ọjọ́ kẹta," ni Màmá kà, "àpapọ̀, ọgọ́fà. Ní apá ọ̀tún…" Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

Ohun tó wà lójú ìwé ni: eyin to baje, 49.

Ojú lè fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹnu kò lè fò ó. Ẹni tó bá fẹ́ pè é gbọ́dọ̀ mọ ohùn tí yóò fi pè é: ṣé ẹyin tí ẹja yé ni, àbí ẹ̀yìn ọmọ tó wà nínú ẹyin?

"Màmá, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"N kò sùn. Ẹyin ni àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Àbí kí lẹ ń wí? Èmi ni mo kọ ọ́!"

"N kò bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́. Mo ní báwo lo ṣe mọ̀."

Kíákíá dìde, ó wá wo ìwé náà láti orí èjìká Màmá. Ó wò ó títí. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó tún ṣí ìkẹta. Eyin to baje, 38. Eyin to baje, 52. Ní ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé kan náà, iye kejì sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

"Ọjọ́ kẹrin ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Ẹ̀yìn… rárá. Ẹ dúró ná." Ó jókòó sórí àpótí oúnjẹ ẹja. "Màmá, mo gbé."

"O kò gbé. Ìwé ló gbé. Dìde lórí oúnjẹ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wá hàn kedere. Nígbà tí Kíákíá ń ṣírò ní oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo ibi tó ti rí eyin ló kà sí ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹyin tó kú lásán ti wọ àárín àwọn ọmọ tó jogún àléébù. Mélòó ló wọ ibẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, àwọn méjèèjì dúró síwájú tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ó yé mi. Ẹ fẹ́ kí n dá iṣẹ́ ọdún márùn-ún dúró nítorí àmì kan?"

"Àmì méjì ni, sà. Ọ̀kan lórí ẹ, ọ̀kan lórí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fa ẹyin láìfọ́ ọ, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó yí padà sí Kíákíá. "Bí a bá yọ ọjọ́ méjìlá náà kúrò, mélòó ló kù?"

"Kò tó, sà. Kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́."

"Bí a bá sì fi í sílẹ̀?"

Màmá ló dáhùn. "Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ ó máa gbèjà rẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ tún un ṣe. Bí mo bá ya àwọn ẹja tó gbé àléébù náà sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, wọ́n á yé ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ní agogo mẹ́jọ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn wọn á ti hàn. Wákàtí mẹ́rin ṣì kù kí ó tó di ọ̀sán."

"Bí wọn kò bá yé ńkọ́?"

"Wọ́n á yé."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín ni?"

"Wọ́n sanra, sà. Èmi ni mo ń bọ́ wọn."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, iná tàn, gíláàsì kúrò láàárín, àwọn ẹja sì ń wo ara wọn bí àwọn àlejò tó pàdé ní ọ́fíìsì dókítà. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Kíákíá ti jẹ èékánná ọwọ́ kan tán, ó fẹ́ bọ́ sí ìkejì. Màmá Àmì dìde. Ó mú ìdérí ìgò mẹ́fà, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ìdí àpótí omi sókè lápá kan, tí omi fi dà sí apá kejì, tí ó sì di ọ̀gbun níbì kan, tí kò jìn níbì kejì bí etí odò. Etí odò ni ẹja wọ̀nyí fẹ́ràn láti yé sí. Kò pẹ́ tí akọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo rẹ̀ káàkiri ibi tí omi kò ti jìn, tí ẹyin sì ń bọ́ gba inú àwọ̀n bí iyanrìn gíláàsì.

"Màmá, ẹ ò bá ti ṣe èyí láti àárọ̀!"

"Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra wọn."

Wọ́n rí ẹyin igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà tí ó di ọ̀sán, mẹ́rìnlélógójì ti funfun, wọ́n sì fà wọ́n jáde. Kíákíá mú bírò, ó fẹ́ kọ "ẹyin tó bàjẹ́," ó ń fi àmì sí i jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kun ojú. Màmá dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Pa ìyẹn rẹ́. Kọ 'ẹyin tó kú.' Fún ti ọ̀la, kọ 'ẹ̀yìn tí kò tò.' Ọwọ́ tó ń kánjú lè gbàgbé àmì, ṣùgbọ́n kò lè kọ 'kú' kí ó di 'tò.'" Ó na ìka sí ìwé náà. "Èmi ni mo kọ́ yín ní 'tó bàjẹ́' fún méjèèjì, láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó yẹ kí n ti rí i. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú."

Kíákíá wò ó láti rí i bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péjọ sídìí maikirosikópù. Màmá Àmì ló ṣòfin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ka gbogbo ọmọ náà lọ́tọ̀, yóò kọ iye tirẹ̀ sórí ìwé pélébé, yóò sì ká a pọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn tó kà tán, yóò tún tirẹ̀ kà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ wo bí ọkàn eléyìí ṣe ń lù!" ó sì tún tirẹ̀ kà.

Nígbà tí wọ́n tú ìwé wọn, Màmá ní mẹ́tàléláàádọ́ta. Kíákíá náà ní mẹ́tàléláàádọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní.

"Èwo ni mẹ́ta tí ẹ fi lé e, sà?" ni Màmá bi í.

Ó fi wọ́n hàn án. Ìrù wọn kúrú, ẹ̀yìn wọn kò sì gùn tó ti àwọn yòókù.

"Àwọn wọ̀nyí kò ní àléébù. Wọ́n ń fà sẹ́yìn ni. Ẹ wo abala wọn, ó tò dáadáa. Ó kàn kéré ní iye ni. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní wákàtí kan."

Wákàtí kan tí wọ́n fi dúró yẹn gùn ju ọdún márùn-ún Kíákíá lọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ojú bọ maikirosikópù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi abala méjì kún ẹ̀yìn wọn, ó sì tò bí a ṣe ń fẹ́. Ó gbé ojú sókè. Ó wá ní, "Mẹ́tàléláàádọ́ta."

Mẹ́tàléláàádọ́ta nínú igba ó lé mọ́kàndínlógún tó wà láàyè. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó lé díẹ̀. Ẹja kò kàwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n bí. Kíákíá yára fi ẹyin tó kú kún un, láti wò ó: ó di mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà tí mọ́kànlélógójì gbà dé ayé nìyẹn.

"Àkọlé mi lọ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ó lọ, sà," ni Màmá Àmì wí. "Òótọ́ dúró."

"Màmá, ẹ kò lè tù mí nínú díẹ̀?"

"Agogo mẹ́wàá ti kọjá, sà. Ẹ kọ̀wé ná, kí n tó tù yín nínú."

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Ó pa ojú ewé méjì àbọ̀ tó fẹ́ràn jù rẹ́. Ohun tó kù kò hó, kò ru: pé àléébù náà kì í hàn àfi bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, àti ibi tí abala ẹ̀yìn ti ń kọ́kọ́ ta kókó, lábala lábala, bí Kíákíá ṣe yà á ní àwòrán fún ọdún márùn-ún. Àwòrán yẹn kò ní àṣìṣe kankan. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí agogo méjìlá lù, wọ́n fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Kíákíá gbé rúlà, ó fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí ọjọ́ méjìlá náà nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dúró níwájú àwọn olùdánwò mẹ́ta. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bàbá kan tó ní pẹ́ńsùlù létí, ṣí ìwé náà sí ibi tí ìlà wà.

"Ọjọ́ méjìlá lẹ fagi lé. Kí ló dé?"

"Mo kọ ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì, sà. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, n kò lè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Mo bá yọ ọ́ kúrò."

"Gbogbo rẹ̀? Kò sí èyí tó dá yín lójú níbẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ dá mi lójú, sà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn ni ì bá dá mi lójú."

Bàbá náà kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó sì ṣí ojú ewé. "Ẹ wá sọ fún wa nípa mẹ́tàléláàádọ́ta yìí."

Kíákíá sọ ọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, láìkánjú. Ní agogo méjì ọ̀sán, wọ́n pè é wọlé padà, wọ́n sì pè é ní ọ̀mọ̀wé. Màmá Àmì kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Agogo méjì ni wọ́n ń bọ́ ẹja.